Ẹ Kú Ìjókòó

Àbíkẹ́yìn Fóòmàn kí bàbá tó bí i ní "ẹ kú ìjókòó" lójú àlejò, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ pé "ẹ kú iṣẹ́" ni kí wọ́n máa kí èèyàn.

Kò sí èyí tó burú nínú ìkíni méjèèjì. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó ń gbatẹ́gùn, ẹ kú ìjókòó ni ẹ ó kí i, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kí aránṣọ ní ẹ kú ìjókòó níbi tó ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, kí ẹ wá wo irú ojú tó máa fi wò yín. Ó jókòó lóòótọ́. Ìjókòó kọ́ ló ń ṣe.

Fóòmàn ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, nítorí pé òun ni olórí àwọn tó ń gé awọ ní ilé iṣẹ́ bàtà tó wà lẹ́yìn ojú irin. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú. Bí bàtà bá ń jẹ ọ́ ní gìgísẹ̀, kò ní jẹ́ kó o sọ ọ́ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó gé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí àgbàlá, ọkùnrin kan tí wọn ò rí rí wá ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àyípadà àti ọjọ́ ọ̀la tó ní ìrètí. Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tó parí, Onígọ́ọ̀mù, ẹni tó máa ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ọjọ́ ọ̀la tí ẹ sọ yìí, ṣé ká dúró dè é níbí ni àbí ká máa lọ sílé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì lọ sílé.

Ọkùnrin tí kò mọ́ ilé lára ní ọ̀sán, ilé á máa lé e kiri. Ìyàwó Fóòmàn á ní kó gbé ẹsẹ̀ kí òun gbálẹ̀, á gbé ẹsẹ̀. Ó ní kó dìde kí òun gbọn aṣọ àga, á dìde. Bó bá bọ́ síta, aládùúgbò á kọjá, á ní, "Fóòmàn, ẹ kú ìjókòó o." Onítọ̀hún ò ní ohun burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n Fóòmàn á wọlé padà bí ẹni tí wọ́n sọ òkò sí.

Àbíkẹ́yìn ló kàwé jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì láàárín ìlú, iṣẹ́ náà sú u, ló bá wá gba ilé búrẹ́dì àtijọ́ tó wà ní igun òpópónà wọn. Ó ní òun fẹ́ ṣí ibi tí gbogbo àdúgbò á ti máa pàdé, tí wọn á ti máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ilé Àjọlò ló sọ ọ́.

"Kí lo máa máa tà níbẹ̀?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màámi, mi ò fẹ́ ta nǹkan kan. Àyè ni mo fẹ́ máa yá wọn."

"Àyè wo?"

"Tábìlì, àga, iná, omi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ á gba tábìlì kan. Àwọn tó fẹ́ ṣèpàdé á gba yàrá ẹ̀yìn. Ibùdó ìdàgbàsókè àdúgbò ni, Màámi. Ìṣọ̀kan ló máa mú wá."

"Ẹni tí ò lómi nílé, tó fẹ́ wá bu omi lọ́dọ̀ rẹ, ìyẹn yé mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìṣọ̀kan tí wàá máa fi wákàtí yá èèyàn, ìyẹn ò lè tètè yé wọn o."

Ọmọ náà ṣiṣẹ́ sí ibẹ̀ lóòótọ́. Ó fọ èéfín ara ògiri títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó kun ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ní ọ̀dà funfun, ó fi pákó sí inú rẹ̀, ó kó ìwé sí i, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú ìwé kan níbẹ̀, ìyẹ̀fun àtijọ́ á máa gbọn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó fi gíláàsì ńlá iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, èyí tí oníbúrẹ́dì fi ń pàtẹ ọjà. Ó ní kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí ohun tó ń lọ nínú ilé ni.

Kò sí ohun tó ń lọ nínú ilé. Àwọn èèyàn á dúró níwájú gíláàsì, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á wo àwọn àga tó tò lọ rẹrẹ, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á fèrè sí i," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ẹnì kan wọlé, ó béèrè búrẹ́dì.

Ìyá rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún Fóòmàn pé, "Bàbá wọn, ọjà tí ò lérò, èrò kì í yà á. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún ọmọ yín."

Fóòmàn lọ. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí kọ́là rẹ̀ fi dúró ṣánṣán. Kò fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣófo níbẹ̀, ló bá mú páálí tó fi ń ya bàtà dání, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti rúlà irin. Ó jókòó sí tábìlì tó wà lẹ́bàá gíláàsì, ó ń ya ojú bàtà. Kò pẹ́, fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń kọjá, ó gbé táyà kọ́ èjìká.

"Fóòmàn! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọkùnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí tábìlì, ó rí pẹ́ńsù, ó rí ẹni tó doríkodò, ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tí ẹnu máa ń sọ. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn wà níbẹ̀. Ó rí i tí èjìká bàbá rẹ̀ gòkè. Ó gbọ́ bó ṣe dáhùn, "Òo! Ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́!" pẹ̀lú ohùn ilé iṣẹ́, ohùn tí wọ́n fi ń borí ariwo ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn nílé.

Láti ọjọ́ náà ni Àbíkẹ́yìn ti sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó bá wọ Ilé Àjọlò, ì báà wá tẹ̀wé, ì báà wá bu omi, ẹ kú iṣẹ́ ni kó kí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún àgbà, ó ń sọ ọ́ fún ọmọdé. Òun ni ohun tó gbọ́n jù tí ọmọ náà ṣe nínú gbogbo òwò yẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀.

Fóòmàn mú Onígọ́ọ̀mù wá. Onígọ́ọ̀mù mú ẹni tó ń lu ihò okùn bàtà nílé iṣẹ́ wá, ìyẹn náà mú àwọn mìíràn wá. Wọ́n á dé láàárọ̀ bí ẹni tí agogo ilé iṣẹ́ lù fún. Onígọ́ọ̀mù a máa lẹ sálúbàtà àwọn ará àdúgbò. Ẹni tó ń lu ihò a máa tún bẹ́líìtì ṣe. Fóòmàn a máa ya bàtà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó yà, a sì máa kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọn ò níṣẹ́. Àwọn náà mọ̀ pé àdúgbò mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọlé á ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á jẹ́ òo, orí gbogbo wọn á sì wú.

"Onígọ́ọ̀mù," aránṣọ á sọ, ẹni tó gba tábìlì ẹ̀yìn, "ẹ dìde kí n rí ọ̀nà gbà kọjá."

"Mi ò lè dìde, ìyàwó. Iṣẹ́ tí mo ṣe ti ràn mí. Mo ti lẹ̀ mọ́ àga."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe Fóòmàn kó fi ọ̀bẹ gé yín kúrò."

"Kó gé mi bó ṣe gé bàtà ọkọ rẹ? Ọkùnrin yẹn ṣì ń tiro."

"Èmi kọ́ ni mo gé e!" Fóòmàn á pariwo láti ẹ̀bá gíláàsì. "Bàtà òkèèrè ni! Ẹ má ba orúkọ mi jẹ́!"

Èrò ló ń pe èrò. Nígbà tí àwọn tó ń kọjá rí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Olùkọ́ kan gba tábìlì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àwọn obìnrin àdúgbò gba yàrá ẹ̀yìn fún ìpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dé láti òpópónà mìíràn, àwọn tí wọ́n ń di nǹkan mọ́ etí, tí wọ́n ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí wọ́n ti ń wá àga.

Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Àbíkẹ́yìn. Ìtìjú náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ dé nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wá bá a, tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá àwọn bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Oníbàárà wa ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù." Lẹ́yìn náà Àbíkẹ́yìn ya fọ́tò ilé náà láti fi polówó, ó sì rí i pé òun ń yí ara láti rí ibi tí tábìlì ẹ̀bá gíláàsì ò ní hàn. Ó gbọ́ oòórùn gọ́ọ̀mù, ó ṣí fèrèsé. Fóòmàn wo bàtà obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ní, "Ìyá, ẹni tó gé èyí kórìíra yín," gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, obìnrin náà rẹ́rìn-ín jù, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn ò rẹ́rìn-ín. Ó wo kọ́là bàbá rẹ̀, ó rí ibi tó ti ṣá, ó sì gbé ojú kúrò. Ojú ń tì í, ojú sì tún ń tì í pé ojú ń ti òun. Kò sí ẹni tó lè sọ ìyẹn fún.

Ìgbà náà ni obìnrin kan tí gbogbo wọn wá ń pè ní Màdáámú ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ọjà fún àwọn tó ń rajà lórí fóònù ló rán an, wọ́n ń wá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn á ti máa dá oníbàárà lóhùn. Bó bá fẹ́ràn Ilé Àjọlò, wọ́n á gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun fẹ́ wá fojú ara òun rí i.

Àbíkẹ́yìn lọ bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná.

"Màámi, ẹ bá mi sọ fún Bàámi kí wọ́n sinmi nílé lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọjọ́ kan péré."

Ìyá rẹ̀ ń fọ ìkòkò. Kò gbójú sókè.

"Èmi ni mo ní kó lọ jókòó síbẹ̀. Èmi kọ́ ni màá ní kó dìde. Ìwọ lọ sọ fún un."

Kò lè sọ ọ́. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń mu tíì, ó ní, "Bàámi, àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ ní Ilé Àjọlò lọ́la o," ó sì dákẹ́, ó ń retí pé kó yé e.

Ó yé Fóòmàn bó ṣe máa yé bàbá. Ó dìde láàárín tíì, ó lọ láti ilé dé ilé. "Àlejò ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó bá ilé ní òfo. Kí gbogbo wa wà níbẹ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ gidi." Onígọ́ọ̀mù béèrè bóyá kí òun wẹ̀. Fóòmàn ní kó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Àbíkẹ́yìn dé lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti wà ní ìjókòó, wọ́n pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n so táì. Wọ́n ti fi pólíìṣì kun bàtà títí ó fi ń dán bí omi. Àwọn tí kò wá rí wá. Wọ́n fi tábìlì méjì kún tábìlì ẹ̀bá gíláàsì, wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ ọ́ bí ọmọ tó ń ṣèdánwò. Bàbá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Ó túmọ̀ sí pé: fọkàn balẹ̀, a wà níbí.

Màdáámú ò ní ìgbéraga kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó kí gbogbo èèyàn, ó wo ààrò, ó ní ó wu òun. Ó dé ẹ̀bá gíláàsì, ó dúró.

"Iṣẹ́ wo ni àwọn bàbá wọ̀nyí ń ṣe níbí?"

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́ lẹ́yìn. Fóòmàn gbé pẹ́ńsù sókè, ó ti fẹ́ lanu, ṣùgbọ́n ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Òun ló nilé, òun ni kó dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ohun ló lè sọ. Ó lè ní bàbá mi nìyí. Ó lè ní àwọn ló gé bàtà tí gbogbo ìlú yìí wọ̀ dàgbà. Ó lè ní bàtà ni wọ́n ń yà, kó sì dákẹ́, nítorí pé bàtà ni wọ́n ń yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó wo táì wọn, táì tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí kò sẹ́ni tó ń so irú rẹ̀ mọ́, ó sì rẹ́rìn-ín kékeré kan.

"Àwọn bàbá àdúgbò ni. Wọ́n kàn máa ń wá gbatẹ́gùn lọ́dọ̀ wa ni."

Ó yíjú sí wọn. Ó ṣe ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣeré fún ọmọ ọwọ́.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa!"

Olùkọ́ tó wà lẹ́yìn wo ilẹ̀. Ọmọ kan tó ń ṣe ìṣirò gbórí sókè, nítorí pé wọ́n ti bá a wí rí lórí ìkíni yẹn gan-an, ó wá ń wò ó bóyá wọ́n máa bá Àǹtí náà wí.

Fóòmàn wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dáhùn bó ṣe yẹ kí wọ́n dá ìkíni náà lóhùn.

"Ẹ kú ìrìn o, Màdáámú."

Èwo nínú àwọn obìnrin méjèèjì ló dá lóhùn, kò hàn. Kò pe Àbíkẹ́yìn ní ọmọ òun. Ọmọ náà ti sọ pé bàbá àdúgbò ni, Fóòmàn ò sì ní tú u fó lójú àlejò. Ó kó páálí rẹ̀ jọ, ó fi rúlà lé e, ó dìde, ó ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Àwọn yòókù dìde. Gbogbo wọn ti àga sábẹ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ bá parí. Onígọ́ọ̀mù, ẹni tó ti lẹ̀ mọ́ àga, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

"A dúpẹ́ o," ó ní. "Atẹ́gùn ti tó wa."

"Àwọn bàbá yìí mà níwà o," ni Màdáámú wí, ó sì béèrè ibi tí iná ẹ̀rọ wà.

Àbíkẹ́yìn fi í hàn án. Ó fi omi hàn án, ó fi yàrá ẹ̀yìn hàn án, ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ń gbóná. Aránṣọ ò tún wa ẹ̀rọ rẹ̀ títí àlejò náà fi lọ. Nígbà tó wá wà á, ó wà á bí ẹni tó ń jà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àbíkẹ́yìn lọ sílé bàbá rẹ̀. Fóòmàn wà ní pálọ̀, ó wà ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìta. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ káàbọ̀."

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn òun tí bàbá òun ń kí. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Òun ni bàbá rẹ̀ ń pè ní ẹ̀yin.

"Bàámi, ẹ má bínú. Mi ò mọ ohun tó gba ẹnu mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Aṣọ yín ń kan ilẹ̀."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, Bàámi. Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Kí lẹ ṣe mí tí màá fi bú yín?" ni Fóòmàn wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣé ẹ ṣẹ̀ mí ni? Ẹ kí mi ni. Ta ló ń bá ẹni tó kí i jà?"

Ìyá rẹ̀ gbé àwo oúnjẹ wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé àwo náà padà. Àbíkẹ́yìn wà lórí eékún títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bàbá rẹ̀ ò lé e, kò sì fà á dìde. Nígbà tó wá dìde tó ń lọ, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bí èèyàn ṣe ń sin àlejò, ó ní kí ó kí àwọn ará ilé.

Àbíkẹ́yìn rán aránṣọ lọ bẹ̀ ẹ́. Fóòmàn gba aránṣọ tọwọ́tẹsẹ̀, ó béèrè bàtà ọkọ rẹ̀, kò sì dáhùn ọ̀rọ̀ tó bá wá. Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ lọ bá Onígọ́ọ̀mù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Tábìlì yín wà níbẹ̀. Bí ẹ̀yin bá padà, Bàámi á padà."

Onígọ́ọ̀mù gbé sálúbàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé iṣẹ́ la ń ṣe. Àwa ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ tún wá sọ pé ìjókòó ni. Bí a bá padà báyìí, kí la fẹ́ máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá kí wa? Ẹ ò rí i pé a ò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́?"

Ilé iṣẹ́ Màdáámú gba ilé náà. Wọ́n lẹ àwòrán ńlá mọ́ gíláàsì iwájú, àwòrán àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, kò sì sí ẹni tó ń rí inú mọ́. Olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ibòmíràn. Àwọn obìnrin padà sí abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé tẹ́lẹ̀. Ohun tí Àbíkẹ́yìn ń wá ló rí: ilé kún, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá ń kọjá lójú títì, fọganáísà á pariwo, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o!" pẹ̀lú inú rere, òun á sì máa yára bí ẹni tí wọ́n sọ pé ó jalè.

Fóòmàn rí iṣẹ́. Ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ó ní òun lè gbé nǹkan. Wọ́n wo irun rẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, iṣẹ́ yìí le o." Ó ní òun ò béèrè iṣẹ́ tó rọ̀. Àwọn tó lè bí lọ́mọ ló wá ń sọ fún un pé, "Bàbá, gbé ìyẹn wá, gbé èyí lọ," wọn ò fi "ẹ" ọ̀wọ̀ sí i, kò sì bínú. Láràárọ̀, kì í gba ẹ̀yìnkùlé. Ó ń gba àárín òpópónà lọ, ó ń gbà á bọ̀, ìyẹ̀fun pákó á wà lórí rẹ̀ bí ewú mìíràn lórí ewú, kò sì ní gbọ̀n ọ́n dànù kó tó délé. Àwọn èèyàn á ní, "Fóòmàn, ẹ kú iṣẹ́." Á jẹ́ òo. Kò pariwo rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá kan Àbíkẹ́yìn lọ́nà, á tètè kí i ṣáájú. "Ẹ káàárọ̀ o." Ọmọ náà á kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níbi tó bá bá a, bàbá náà á sì ti kọjá.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," Àbíkẹ́yìn sọ fún ìyá rẹ̀. "Ara wọn ò gbà á."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè jókòó."

Ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, wọ́n ń já ìtì igi sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ilẹ̀ yọ̀. Ìtì kan yí kúrò níbi tí wọ́n dá a dúró sí, àwọn ọ̀dọ́ fò sẹ́yìn, Fóòmàn ò lè fò. Ó ti ọwọ́ sí i bí ẹni pé ó lè dá a dúró, igi náà sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn dókítà gbìyànjú. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò lè gbà á là, wọ́n gé e lọ́rùn ọwọ́.

Àbíkẹ́yìn ló wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì nígbà tó lajú. Ó bu omi sí ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀. Fóòmàn na ọwọ́ òsì láti gbà á. Kó tó kan ife náà, ó fà á padà díẹ̀, ojú tì í, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Òsì ni o."

Ohun tó ń sọ nìyẹn títí di òní, fún ẹni tó bá fún un ní oúnjẹ, fún ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, fún ọmọdé tó bá na nǹkan sí i. Ọwọ́ tó fi gé awọ ní gbogbo ayé rẹ̀ ló lọ, èyí tó kù sì nìyẹn, tó ń torí rẹ̀ bẹ gbogbo èèyàn kó tó nà án.